Octavia Hill: Obìnrin tó gbèjà ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀

  

Nínú ìwé àjọ̀dún bí irú èyí, ó dára ká sọ ìtàn ẹnì kan tó ti lọ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ, kí àwa àtọmọ wa lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin òyìnbó kan la mú. Kì í ṣe ayaba, kì í ṣe ìyàwó olówó, kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Síbẹ̀, bí mẹ̀kúnnù bá ń rìn gba inú oko olówó kọjá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, tí onílẹ̀ ò sì lè lé e padà, ọwọ́ obìnrin yìí wà nínú ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Octavia Hill.

Ẹ má sọ pé kí ló kan ọlọ́jà nínú ọ̀nà òyìnbó. Ọlọ́jà tí ò rí ọ̀nà dé ọjà, kí ló fẹ́ tà? Àwọn àgbà wa ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, ẹni tó ni ẹyọ kan yẹn ló ni ọjà. Ohun tí Omidan Hill rí nìyẹn, òun ló sì bá jà.

ÌBẸ̀RẸ̀ AYÉ RẸ̀

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1838 ni wọ́n bí i ní ìlú Wisbech, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ọmọbìnrin kẹjọ tí bàbá rẹ̀ bí. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, nítorí ìtumọ̀ Octavia ní èdè Látìn ni ìkẹjọ. Bàbá rẹ̀, James Hill, ń ṣòwò ọkà, ó sì tún ní báńkì. Ọwọ́ rẹ̀ ròkè nígbà kan, ṣùgbọ́n ní 1840 òwò dojú dé. Gbèsè wọlé, ọkàn bàbá sì dàrú débi pé kò lè gbé bùkátà ilé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ibi tí ọjà ti kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ rí, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí.

Ìyá ọmọ, Caroline, ló wá di ọkọ di aya nínú ilé. Bàbá tirẹ̀, Dókítà Southwood Smith, ràn án lọ́wọ́. Dókítà yìí jẹ́ ẹnì kan tó fi ayé rẹ̀ jà kí àwọn tálákà London lè rí omi tó mọ́ àti ilé tó ṣeé gbé. Lẹ́sẹ̀ bàbá àgbà yìí ni Octavia ti kọ́kọ́ gbọ́ bí àwọn tálákà ṣe ń gbé.

Nígbà tó di 1852, ìyá rí iṣẹ́ ní London. Wọ́n fi í ṣe alábòójútó ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ladies' Guild. Ẹ gbọ́ o: ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń tà á. Àwọn ọmọ aláìní tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àga kékeré, tábìlì kékeré, àwọn ohun èlò inú ilé ọmọláńgidi. Octavia ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àwọn ọmọ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà! Òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń ṣe ìṣirò owó, òun ló ń mọ ẹni tí ebi ń pa.

Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, a máa kó àwọn ọmọ náà jáde lọ síbi tí koríko àti igi wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ju ògiri dúdú àti èéfín lọ, tí wọ́n bá rí òdòdó, inú wọn á dùn bí ẹni pé wọ́n rí wúrà. Ẹgbẹ́ yẹn tú ká lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ méjì tí Octavia kọ́ níbẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Èkíní, owó kékeré tí a bá kó jọ, tí a sì kọ sílẹ̀ dáadáa, a máa ṣe nǹkan ńlá. Èkejì, kò sí bí tálákà ṣe lè gbádùn bí kò bá rí ibi tó máa rìn sí.

OWÓ ILÉ ÀTI ÌWÉ ÌṢIRÒ

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí ni ọ̀rọ̀ ilé. Ní 1865, John Ruskin, òǹkọ̀wé ńlá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi owó rẹ̀ gba ilé mẹ́ta ní Paradise Place ní Marylebone, London, ó sì ní kí Octavia máa bójú tó o. Owó tó fi gbà á jẹ́ pọ́n-ùn 750, fún ọdún 56. Paradise túmọ̀ sí Párádísè, ṣùgbọ́n Párádísè wo? Ilé jẹrà, èérí kún inú rẹ̀, ènìyàn há síbẹ̀ bí ẹja inú agolo.

Octavia ò gba oríṣiríṣi ọ̀rọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ gba owó ilé fúnra rẹ̀, ẹni tí kò bá san á kó jáde. Ṣùgbọ́n òun náà kì í jẹ gbèsè ayálégbé: òrùlé tó ń jò, á tún un ṣe, omi á wà, fèrèsé á ṣí. Onílé á gba èrè 5 lórí ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá ṣẹ́kù á padà sínú àtúnṣe, àwọn ayálégbé fúnra wọn á sì dá sí ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Bí iṣẹ́ bá wọ́n, a máa wá iṣẹ́ fún wọn. A máa gbà wọ́n níyànjú láti tọ́jú owó. Àwọn obìnrin ló kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Nígbà tó fi máa di 1874, ilé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ayálégbé.

Níbi tó ti ń wọlé jáde lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí ló ti rí i pé ilé nìkan ò tó. Yàrá kan fún ìdílé kan, ibo ni ọmọ máa ṣeré sí? Ibo ni ìyá máa jókòó sí nírọ̀lẹ́ kó gba afẹ́fẹ́? Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ kan tó jáde ní 1877, Our Common Land, pé mẹ̀kúnnù ń fẹ́ ibi tó máa jókòó sí, ibi tí ọmọ rẹ̀ máa ṣeré sí, ibi tó máa rìn sí, àti ibi tó lè lọ lo odindi ọjọ́ kan.

BÍ Ọ̀NÀ ṢE Ń SỌNÙ

Ká tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí nílẹ̀ wọn. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ tí gbogbo ará abúlé jọ ń lò pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da ẹran, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹ́gi. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n fún àwọn láṣẹ láti fi ọgbà yí ilẹ̀ ká. Láti 1604 títí di 1914, òfin bẹ́ẹ̀ lé ní 5,200, ilẹ̀ tó bá a lọ sì jẹ́ éékà mílíọ̀nù 6.8. Tí a bá pín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà márùn-ún, ó ju ìdá kan lọ.

Bí ọgbà bá ti yí ilẹ̀ ká, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wọ ìyọnu nìyẹn. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń tọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí odò, sí ọjà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, onílẹ̀ á ní òun ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ àjèjì máa gba iwájú ilé òun. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1815 sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó fún adájọ́ àdúgbò méjì péré lágbára láti sọ pé ọ̀nà báyìí kò wúlò mọ́, kí wọ́n dí i. Ta sì ni àwọn adájọ́ àdúgbò wọ̀nyí? Onílẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn! Ẹ̀ẹ́ rí i pé ẹjọ́ ológbò ni wọ́n gbé lọ síwájú ológbò. Tálákà tó ń gbé nínú ilé onílẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lóko onílẹ̀, ṣé òun ló máa jáde wí pé rárá?

Àwọn kan ti ń jà ṣáájú Octavia o. Àwọn ará Manchester ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti 1826 nítorí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ní 1865, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ilẹ̀ àjùmọ̀ní, Commons Preservation Society, bẹ̀rẹ̀ ní London. Lọ́yà wọn, Robert Hunter, gbọ́n bí ìjàpá. Òun wà lára àwọn tó gba igbó Epping sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti ń fi ọgbà gé e mọ́ra wọn.

BÓ ṢE WỌNÚ ÌJÀ NÁÀ

Ìjà àkọ́kọ́ tí Octavia jà, ó pàdánù rẹ̀. Pápá kan wà ní Swiss Cottage, ní àríwá London, tí àwọn tálákà lè fẹsẹ̀ rìn dé. Nígbà tí àwọn onílẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀, Octavia bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tà á fún ará ìlú. Ó kọ lẹ́tà káàkiri, ó sì kó owó tó pọ̀ jọ láàárín ìgbà díẹ̀. Owó ti fẹ́ẹ̀ pé kí àwọn onílẹ̀ tó yí ohùn padà ní 1875. Ilé ló wà níbẹ̀ di òní yìí.

Ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n kò jókòó sunkún. Ó lọ bá Robert Hunter àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀ ló tún jà fún pápá tó wà ní Parliament Hill, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hampstead Heath, títí wọ́n fi rà á fún gbogbo ènìyàn ní 1889. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gun òkè yẹn lọ́jọ́ Sátidé láti wo ìlú, iṣẹ́ ọwọ́ wọn lẹ ń jẹ.

Nígbà tó di 1884, Octavia kọ́ ilé kékeré kan sí Crockham Hill ní Kent. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àdúgbò náà ló rí i pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ń pòórá níbẹ̀ bí ìrì òwúrọ̀. Kò sí ẹni tó ń pariwo, nítorí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń dí i. Lónìí, wọ́n á ti géètì kan. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á gbin igi ẹlẹ́gùn-ún sí ẹnu ọ̀nà kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní 1888, ó bá wọn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ Commons Preservation Society fún agbègbè Kent àti Surrey, láti máa ṣọ́ ọ̀nà.

Iṣẹ́ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àfẹ́yẹ̀yẹ́. Ẹ máa rin ọ̀nà náà, kó má baà sí ẹni tó máa sọ pé wọn ò lò ó mọ́. Ẹ bi àwọn arúgbó abúlé léèrè ibi tí bàbá wọn ń gbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ yà á sórí ìwé. Bí wọ́n bá lẹ ìkéde mọ́ ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n fẹ́ dí ọ̀nà kan, ẹ tètè kà á, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ lọ. Ẹ lọ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ ní tùtù ná. Tó bá kọ̀, ẹ wá lọ́yà.

Irú ìṣọ́ yìí, láti ọwọ́ Octavia àti àwọn ẹlòmíràn káàkiri, ló bí èso ní 1894. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọdún yẹn sọ pé wọn ò lè dí ọ̀nà abúlé mọ́ àfi tí ìgbìmọ̀ abúlé bá fọwọ́ sí i. Ó tún sọ ọ́ di dandan fún ìgbìmọ̀ àgbègbè láti máa dáàbò bo ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Adájọ́ méjì ò tún tó mọ́.

ÀWỌN TÓ FI ẸSẸ̀ RÌN ÍN

Níbòmíràn, àwọn ènìyàn ò dúró de òfin. Ní Keswick, ní àríwá níbi tí òkè àti adágún omi pọ̀ sí, wọ́n dí ọ̀nà tó gun òkè Latrigg. Ní oṣù Kẹwàá 1887, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn wó ohun tí wọ́n fi dínà, wọ́n sì gun òkè lọ. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù ní 1888, wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí: ọ̀nà tó gun òkè di ti gbogbo ènìyàn, àwọn ará ìlú sì jọ̀wọ́ òmíràn. Pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Hardwicke Rawnsley wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Ọ̀rẹ́ Octavia ni, ó sì ti bá a ṣiṣẹ́ rí láàárín àwọn ayálégbé London.

Ní Bolton ńkọ́? Ọlọ́rọ̀ kan ti ọ̀nà tó gba orí Winter Hill. Lọ́jọ́ Ìsinmi 6 oṣù Kẹsàn-án 1896, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn, òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n yan gba ibẹ̀ kọjá. Kóòtù dá onílẹ̀ láre ní 1897, wọ́n sì bu owó lé àwọn aṣíwájú. Ṣùgbọ́n àwọn ará Bolton ò gbàgbé. Ní 1996, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀nà náà di ti gbogbo ènìyàn lábẹ́ òfin.

ÀPÒ ÀJỌNÍ

Octavia, Hunter àti Rawnsley wá rí i pé ìjà lójoojúmọ́ ń rẹni. Tó bá jẹ́ pé ará ìlú fúnra wọn ló ni ilẹ̀, ta ló máa lé wọn? Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó lè gba ilẹ̀, tó lè ra ilẹ̀, tó sì máa dì í mú fún gbogbo ènìyàn. Ẹgbẹ́ náà ni National Trust. Ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1895 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ilẹ̀ àkọ́kọ́, Dinas Oleu ní Wales, éékà 4 àti ààbọ̀, obìnrin kan ló fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́: Fanny Talbot.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra Brandelhow lẹ́bàá adágún Derwentwater, wọ́n ní pọ́n-ùn 6,500 ni. Àwọn olówó dá, àwọn òṣìṣẹ́ náà dá ṣílè díẹ̀díẹ̀, owó sì pé. Wọ́n ṣí i ní 1902. Ní 1907, òfin tún jáde pé ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà bá ti kéde bẹ́ẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ tà á mọ́ láé. Alájọ ò lè kó o lọ, ìgbìmọ̀ tuntun ò lè pín in jẹ.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI KỌNI LÓMINÚ

A ò ní fi apá kan pamọ́ fún yín. Obìnrin yìí tó ń darí àwọn obìnrin, tó jókòó pẹ̀lú àwọn ọkùnrin nínú ìgbìmọ̀ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àwọn aláìní láti 1905 sí 1909, ó lòdì sí i kí obìnrin máa dìbò yan àwọn aṣòfin. Ó lòdì sí i kí ìjọba máa kọ́ ilé fún tálákà, ó sì lòdì sí owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn arúgbó. Èrò tirẹ̀ ni pé bí ìjọba bá ń fún ènìyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀lẹ ló ń sọ ọ́ dà. Ọ̀pọ̀ wa máa sọ pé ó ṣì í, ìtàn sì ti fi hàn bẹ́ẹ̀: nígbà tí àwọn obìnrin rí ìbò ní 1918, ayé ò bàjẹ́. Orí kan kì í gbọ́n tán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là, a ṣì ń tọ̀ ọ́.

IKÚ RẸ̀ ÀTI OHUN TÓ TẸ̀ LÉ E

Octavia Hill kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1912, ẹni ọdún 73. Wọ́n fẹ́ sin ín sí Westminster Abbey níbi tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí, ṣùgbọ́n ó ti sọ pé Crockham Hill ni kí wọ́n sin òun sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Miranda ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló wà. Ní 2012, tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó kú, wọ́n ṣí òkúta ìrántí rẹ̀ ní Westminster Abbey.

Ìjà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1932, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester àti Sheffield rìn wọ orí òkè Kinder Scout tí àwọn ọlọ́rọ̀ fi ń dẹ ẹyẹ, márùn-ún nínú wọn sì ṣẹ̀wọ̀n. Lọ́dún yẹn kan náà, òfin jáde pé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn bá ti ń rìn fún ogún ọdún láìsí ìdíwọ́ àti láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti gbogbo ènìyàn ni, àfi tí onílẹ̀ bá lè fi hàn pé òun kò fìgbà kan fi í sílẹ̀ fún wọn. Ní 1949, òfin míràn ní kí ìjọba àgbègbè ya gbogbo ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sórí máàpù. Lónìí, ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní England àti Wales ju 100,000 máìlì lọ, ọmọ ẹgbẹ́ National Trust sì ju mílíọ̀nù 5 lọ.

Ẹ̀KỌ́ TIWA

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Ẹni tó bá ti tábìlì rẹ̀ síwájú díẹ̀ lónìí, tó tún fi agbòòrùn lé e lọ́la, òun náà ń dí ọ̀nà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Aláàárù tó ru ẹrù kò ní rí ibi gbà. Tí iná bá ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ibo la máa gbà sá? Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá láti ìta pé òun fẹ́ ti ẹnu ọ̀nà kan pa, ká má dúró títí wọ́n á fi mọ odi tán. Ká jọ lọ bá a, ká mú ìwé wa dání. Ọ̀nà tí a kò bá kọ sílẹ̀, tí a kò rìn, tí a kò sì jọ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹlòmíràn á gbà á.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Octavia fi owó ṣílè ṣílè ra òkè fún àwọn tí kò ní ilẹ̀ kankan. Àwa náà ń dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó lè dà.

Kí Ọlọ́run ṣe ọ̀nà wa ní rere. Ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ọjà á tà, ẹsẹ̀ á pé, ọ̀nà ò ní dí mọ́ wa. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àṣẹ.